Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Àtùpà

Inú bọ́ọ̀sì 472 ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Nusirat Akóredé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2015. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Ó wọlé ní ẹ̀gbẹ́ Woolwich Arsenal Station, ó fi ìborùn di ohun kan tó fẹ̀ tó ọpọ́n, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Awakọ̀ ní kí ó gbé ẹrù rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó wá jókòó tì mí, ó sì gbé e lé itan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró nítòsí wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí. Ó tẹjú mọ́ ẹrù náà.

“Àǹtí, kí lo gbé yẹn? Satellite dish?”

“Kí lẹ gbé, kì í ṣe kí lo gbé. Àtùpà ni.”

“Sọ́rì, Àǹtí. Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre, ẹ sinmi.”

“Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bà á jẹ́. N kò gbé e sílẹ̀ mọ́ títí mo fi máa délé.”

Ohùn Ìjẹ̀bú ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sì kí i. Kí a tó dé Thamesmead, ó ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ìdajì kejì, díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ, lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àti lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo tò ó síbí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ìtàn tí a kò bá tò dáadáa máa ń ṣe ìkà sí ẹni tó ni ín.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí Nusirat. Ó dé London ní ọdún 2003, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn káàkiri Plumstead. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń gbọ́ ìtàn ogun lẹ́nu wọn. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Felicia, ọmọ Èkó tí ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, mú un lọ sí ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ àtùpà ni, nínú ilé bíríkì àtijọ́ kan ní Woolwich, kò jìnnà sí odò. Kenneth ni orúkọ òyìnbó tó ni ín.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Fauvelle ń ṣe àtùpà ní Paris: ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke, oríkèé idẹ tó ṣeé yí sókè sódò, àti ìbòrí páànù tó rí bí ìwo. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n mọ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù di ohun tí àwọn olówó ń jà sí. Kenneth lọ bá ọmọbìnrin Fauvelle ní ilẹ̀ Faransé, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún wọn ṣe, gẹ́lẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe wọ́n, àfi wáyà àti gílóòbù tó di ti òde òní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó tún ń ṣe àtùpà tuntun tí àwọn ayàwòrán ìsinsìnyí gbé kalẹ̀. Nínú yàrá ìpàtẹ rẹ̀, bí ti àtijọ́ kan bá dúró, ti ìsinsìnyí kan á dúró tì í. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Felicia sọ fún mi pé láti ọdún tí òun ti ń nu eruku kúrò lára wọn, òun kò gbọ́ kí wọ́n kí ara wọn rí.

Àtùpà kankan kì í jáde níbẹ̀ láìní orúkọ ẹni tó ronú kàn án. Iṣẹ́ Nusirat ni láti fa wáyà sínú wọn, kí ó de gílóòbù mọ́ wọn, kí ó tàn wọ́n wò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yóò dojú àtùpà délẹ̀, yóò mú àwọn irin kéékèèké tí lẹ́tà wà lẹ́nu wọn, yóò sì fi òòlù lu orúkọ mọ́ abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: FAUVELLE, àti ọdún tí ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìsinsìnyí, orúkọ ayàwòrán náà ni. Ó fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ.

“Ojoojúmọ́ ni mo ń pe òkú Faransé lórúkọ,” ló máa ń sọ. “Bí àwọn ọmọ ẹ̀ bá gbàgbé ẹ̀, èmi ò lè gbàgbé.”

Ọmọ náà kò gbàgbé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2014, Màdáámù Fauvelle fúnra rẹ̀ wá láti wo iṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kenneth to àwọn òṣìṣẹ́ sí ìlà kan kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kan Nusirat, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Mà.” Kò rò ó kó tó ṣe é. Ẹni tó ti tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ṣé á dúró gbọnrangandan kí i ni? Àgbàlagbà náà na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbé e dìde. Ojú ti Kenneth. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàlàyé pé òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kúnlẹ̀ o.

“Èmi rọra tẹ orúnkún díẹ̀,” Felicia wí nígbà tí àlejò lọ tán. “Ìwọ lọ wólẹ̀ pátápátá. Ṣé Ayaba ni?”

“Ṣé kí n wá kí àgbà bí ẹni kí ọlọ́pàá?”

Láti ọjọ́ náà, ojú tí Kenneth fi ń wò ó yí padà. Kò bú u, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, òun ni yóò gbé e fún. Bí àlejò bá dé, á ní, “Nusirat wa nìyí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.” Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó bá lè kúnlẹ̀, kò sí ohun tí kò ní gbà. Àṣìṣe ńlá ni, àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà lórí ìkúnlẹ̀ la sì mọ̀ ọ́n. Nínú ilé wa, ọmọbìnrin lè kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, kó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kó sì sọ fún un pé òun kò ní fẹ́ ọkọ tó mú wá. Ìkúnlẹ̀ ń sọ ẹni tí ìwọ jẹ́ sí mi. Kò sọ ohun tí èmi máa ṣe.

Lọ́dún kan náà ni ìyá Nusirat, Àlhájà Waheedah, dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tó sì ń bá a gbé ní Thamesmead East. Obìnrin náà kì í jókòó sórí àga bó bá wà nínú ilé. Orí ẹní ló ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń kírun, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ti ń ka Àlùkùráánì lẹ́yìn Àsùbáà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ mọ́ níbí nígbà òtútù. Nusirat ra àtùpà gígùn kan fún un. Ìyá wò ó lọ sókè, ó wò ó wá sílẹ̀.

“Ẹni tó ṣe eléyìí,” ó ní, “kò jókòó sílẹ̀ rí láyé ẹ̀.”

Nusirat jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó gbójú sókè, gílóòbù sì gún un lójú. Òótọ́ ni. Gbogbo àtùpà tó ti fọwọ́ kàn, ti Fauvelle àti ti ìsinsìnyí, ojú ẹni tó jókòó sórí àga ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá wà lórí ẹní, abẹ́ ìbòrí ló ń wò.

Kenneth ti sọ fún gbogbo wọn tipẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lè máa mú nínú àwọn ègé páànù tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ń dà sínú garawa lẹ́nu ọ̀nà. Nusirat mú díẹ̀ lọ sílé. Nínú ilé ìdáná rẹ̀, ní àwọn ọjọ́ Àìkú, ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún gé òmíràn. Ohun tó jáde níkẹyìn kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ó dúró gbọn-in lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọrùn rẹ̀ kúrú, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń yọjú wo ohun tí ẹlòmíràn ń kà. Ìbòrí rẹ̀ fẹ̀, etí kan wálẹ̀ ju èkejì lọ, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ìwé, kó má sì kan ojú. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀. Ó ti tọrọ àwọn irin lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá fún ìparí ọ̀sẹ̀, ó sì dojú àtùpà náà délẹ̀, ó lu orúkọ mọ́ ọn: NUSIRAT AKOREDE, 2015.

“Ojú mi sinmi,” ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó tàn án. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí fèrèsé. “Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí yà mí lẹ́nu. Ilé kọnkéré tí wọ́n kọ́ lójú ayé yìí, wọ́n ní àwọn máa wó o. Àtùpà tí ẹni tó ṣe é ti kú, ìyẹn ni wọ́n ń tún ṣe. Wọn ò kúkú tún ilé ṣe, kí wọ́n wó àtùpà?”

Nínú oṣù keje, Nusirat gbé àtùpà náà lọ sí ibi iṣẹ́, kí ó lè fi ẹ̀rọ wọn yẹ wáyà rẹ̀ wò, kí iná má baà gbé ìyá rẹ̀. Kenneth rí i lórí tábìlì. Ó tàn án. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó dára, ó gbójú sókè. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èèyàn burúkú ni. Ó mọ ohun tó dára bó bá rí i, ìyẹn kò sì kéré.

“Ìpàtẹ oṣù kẹsàn-án,” ló wí níkẹyìn. “Èyí ló máa dúró ti Fauvelle.”

Inú Nusirat dùn débi pé kò rántí jẹun ọ̀sán. Ìpàtẹ náà ni àwọn oníṣòwò láti Faransé, Ítálì àti Amẹ́ríkà máa ń wá. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó yọ̀ǹda àtùpà náà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò fún ìwé ìpàtẹ. “Kí wọ́n má pẹ́ o,” ni ìyá wí. Bẹ́ẹ̀ ni Nusirat ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, ó rí i pé wọ́n ti gbé e padà sórí tábìlì rẹ̀. Ó fẹ́ fi aṣọ nù ún, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun. Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Amos ló ń dán irin nílé-iṣẹ́ náà. Nusirat kò lọ bá a, ó dúró sí ìdí tábìlì rẹ̀, ó pè é.

“Àǹtí Nusi, ẹ má bínú,” Amos wí. “Ọ̀gá ló ní kí n fi ẹ̀rọ pa á rẹ́ kí wọ́n tó yà á. Mo rò pé ẹ mọ̀ sí i.”

“Èmi ni wọ́n pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, èmi náà ló tún máa mọ̀ sí i?”

“Nusi, rọra,” Felicia dá sí i. “Bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún un lù kó gún ni.”

“Ṣé ó wọ́ ni?”

“Ó wọ́ díẹ̀.”

“Ìwọ náà, Felicia?”

“Òótọ́ ni mo sọ. R yẹn dà bí ẹni tó mutí yó.”

Nusirat kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ofíìsì lọ bá Kenneth. Kenneth ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé orúkọ ni wọ́n fi ń ta àtùpà ìsinsìnyí. Àwọn tó ń rà máa béèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ayàwòrán ti jáde, ibo ló ti pàtẹ rí. Kò sẹ́ni tó mọ Nusirat. Nítorí náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣe tán, páànù ilé-iṣẹ́ ni.

“Páànù inú garawa tí ẹ ní ká máa kó, Ọ̀gá.”

“Mo mọ̀. Mo sì ti rò ó, n kò gbàgbé rẹ.” Ojú Kenneth tàn. “A máa pe àtùpà náà ní Nusi. Gbogbo ayé á máa pe orúkọ rẹ.”

“Kí wọ́n máa sọ pé, tan Nusi, pa Nusi? Nusi ti jó, lọ ra òmíràn?”

“Ẹ̀yẹ ni mo fẹ́ ṣe fún ọ.”

“Ọ̀gá, àtùpà yẹn, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù yín. Ẹ pè é ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pè é ní Ìrẹsì. Ti ẹni tó ṣe é ni mo ń sọ. Fauvelle ṣe tiẹ̀, èmi ni mò ń lu orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn. Èmi náà ṣe tèmi.”

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀, Nusirat.”

Ó jáde. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì fi di àtùpà náà níṣojú gbogbo wọn.

“Iṣẹ́ ò tí ì parí o,” Felicia rọra wí.

“Tèmi ti parí fún òní.”

Ẹnu ọ̀nà iwájú, ibi tí àwọn oníbàárà ń gbà, ló gbà jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pàdé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Kò pẹ́ sí i tí mo lọ kí i nílé, mo bá Felicia níbẹ̀. Nusirat ti ra irin lẹ́tà tirẹ̀. Ó dojú àtùpà náà délẹ̀ lórí pátákó ìgẹ̀fọ́, ó ń fi ìka wọn ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa wà, Felicia sì ń gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ.

“Orúkọ kì í sanwó ilé, Nusi. Jẹ́ kí wọ́n gbé e, ọ̀gá á fún ẹ ní nǹkan.”

“Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀? Ìwọ tí o ní kí pásítọ̀ padà sórí pẹpẹ, nítorí pé ó fo orúkọ rẹ nígbà tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáná?”

“Ìyẹn yàtọ̀! Gbogbo ẹran ọjọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo dín in.”

“Mọ́mì, ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?”

“Mo gbọ́,” Àlhájà dáhùn láti orí ẹní. “Lù ú. Lù ú kó jinlẹ̀.”

Ó lù ú. Ó lù ú jinlẹ̀ débi pé ẹni tó bá tún fẹ́ pa á rẹ́ yóò lu ìdí àtùpà náà já ni. Felicia fúnra rẹ̀ gbà pé kò wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Kenneth ní fọ́tò, kò ní àtùpà. Ó nílò rẹ̀ fún ìpàtẹ, ó sì nílò rẹ̀ kí wọ́n lè wọn gbogbo ara rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe òmíràn. Nusirat ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń fa wáyà sínú àtùpà Fauvelle, ó ń lu orúkọ Fauvelle mọ́ ọn, bí Kenneth bá sì béèrè, á ní àtùpà ìyá òun wà lọ́dọ̀ ìyá òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, Màdáámù Fauvelle tún dé nítorí ìpàtẹ náà. Kenneth rò pé ọ̀nà ti là. Ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kékeré kan wà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ òun, pé bí àgbà bá dá sí i, obìnrin náà á gbà, ó ṣe tán Màdáámù fúnra rẹ̀ ti rí bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó wá ránṣẹ́ pe Nusirat sí ofíìsì.

Felicia ló gbé tíì wọlé fún wọn. “Ife tíì kan péré ni,” ó sọ fún mi, “mo sì fi ṣíbí rò ó títí ọ̀rọ̀ fi tán.” Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù yìí, Nusirat sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nusirat wọlé, ó rí àgbàlagbà náà lórí àga, ó sì kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, orúnkún méjèèjì.

“Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

Kenneth mí kanlẹ̀. Ó wo Màdáámù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọjà rẹ̀ ti tà.

“Wọ́n ní o ṣe àtùpà kan tó dára,” Màdáámù wí, “wọ́n sì ní o gbé e lọ. Kenneth fẹ́ kó dúró ti ti bàbá mi. Mo rí fọ́tò rẹ̀, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wàá gbé e padà wá?”

“Rárá, Mà.”

Kò tí ì dìde. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Kenneth, kò tí ì mọ̀ pé kó pa á dé.

“Nusirat,” ó ní, “dìde ná, ká jọ sọ ọ́ dáadáa.”

“Ibí yìí dára fún mi, Ọ̀gá.”

“Bí o bá fẹ́ kọ̀,” Màdáámù bi í, “kí ló dé tí o ń kúnlẹ̀?”

“Àgbà ni yín, Mà. Ìyẹn ni mo kúnlẹ̀ fún. Àtùpà yẹn, èmi ni mo ṣe é, wọ́n sì pa orúkọ mi rẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ̀.”

Màdáámù gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, “Ọkùnrin mẹ́ta ló ń bá bàbá mi tẹ irin. Oríkèé idẹ tí gbogbo ayé ń yìn yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló ronú kàn án. Bàbá mi sọ ọ́ fún ìyá mi nílé. Kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan, wọn kò sì bínú.”

“Ta ló sọ fún yín pé wọn ò bínú, Mà?”

Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá.

“Kí lorúkọ wọn, Mà?”

“N kò mọ̀.”

“Ẹ ò rí i, Mà.”

Felicia ní ojú Màdáámù le tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi rò pé yóò gbé ọ̀pá na Nusirat. Kò nà án. Ó yíjú sí Kenneth.

“O sọ fún mi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ó ti sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ kedere.”

“Ṣé ẹ wá fara mọ́ ọn ni?” Kenneth béèrè.

“N kò sọ pé mo fara mọ́ ọn. Mo ní mo gbọ́ ọ. Kí la tún ń dúró dè?”

Inú wá bí Kenneth gidi. Ó sọ fún Nusirat pé bí kò bá gbé àtùpà náà wá ní ọjọ́ Ajé, kò tún ní fa wáyà sínú àtùpà kankan tàbí lu orúkọ mọ́ ọn nílé-iṣẹ́ náà mọ́. Nusirat ní ó yé òun. Ó kí Màdáámù pé ó dàbọ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kí i délẹ̀délẹ̀, ó wá dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dé lásìkò. Kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ ju oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ. Kenneth mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ: wọ́n gba òòlù àti irin lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. Ìpàtẹ dé, ó kọjá. Àtùpà ẹlòmíràn ló dúró ti Fauvelle. Nusirat ń di páálí. Ó dì wọ́n dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ kan kò fọ́ lójú ọ̀nà. Bí Kenneth bá ń kọjá láàárọ̀, á ní, “Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá,” á sì tẹ orúnkún ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, tí á máa wò ó lójú. Etí Kenneth á pọ́n.

“Kí lo ṣì ń ṣe níbí?” Felicia bi í.

“Bí mo bá lọ báyìí, wọ́n á ní àwọn lé mi ni. Ọjọ́ tó bá wù mí ni mo máa lọ.”

Ọjọ́ náà bọ́ sí ìgbà ìrúwé ọdún 2016. Ó gbá ìdí tábìlì ìdipáálí rẹ̀, ó to okùn àti téèpù síbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti rí wọn, ó sì lọ sọ fún Kenneth pé òun ń lọ. Kenneth ní kó dúró ná. Ó ní òun ti ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ méjèèjì sí i: ti ilé-iṣẹ́ á ṣíwájú, ti Nusirat á tẹ̀ lé e.

“Ti Fauvelle ńkọ́, Ọ̀gá? Ṣé ti ilé-iṣẹ́ ló ṣíwájú tiẹ̀?”

“Rárá.”

“Ó dàbọ̀, Ọ̀gá.”

N kò ní purọ́ pé ọ̀nà tẹ́jú lẹ́yìn náà. Ó padà sídìí ìtọ́jú arúgbó, ẹ̀yìn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin mọ́sálásí ní Plumstead wá kí Àlhájà lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ kò gún àwọn lójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọ̀kan fẹ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀, òmíràn fẹ́ fún ibi tí àwọn ọmọ ti ń ké kéwú. Mọ́sálásí náà fúnra rẹ̀ ní kó ṣe mélòó kan fún apá àwọn obìnrin, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó lu orúkọ mọ́sálásí mọ́ abẹ́ wọn. Nusirat kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ mọ́sálásí sára ògiri, ògiri ní àyè púpọ̀. Abẹ́ àtùpà ti ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n kùn sínú. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sí àtùpà náà nínú ìwé ìpàtẹ kankan ní Paris tàbí ní London. Màdáámù Fauvelle kò kọ̀wé, Kenneth kò sì yọjú.

Láti ọdún 2018, Nusirat Akóredé ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Plumstead. Felicia ń bá a fa wáyà níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀.